Òkúta Gba Òkè Kọjá, Oyún Leah Dúró

Ọ̀yọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹta 1989

Èmi Àyìnkẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀. Leah, ìyàwó ọmọ mi, ló ń kọ ọ́. N kò mọ ìwé, kò sì tì mí lójú.

Àná la ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé. Dókítà ní ilé ọmọ Leah kò lè di ara rẹ̀ mú, ìdí nìyẹn tí àwọn mẹ́ta ìṣáájú fi bọ́. Ó fi òwú di ẹnu ilé ọmọ náà bí ìgbà tí èèyàn ń di ẹnu àpò èlùbọ́. Ó ní kó lọ dùbúlẹ̀ títí àkókò yóò fi tó. Kò gbọdọ̀ gbálẹ̀, kò gbọdọ̀ pọnmi, kò gbọdọ̀ gúnyán, kò gbọdọ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni kó máa dìde fún.

Leah kì í ṣe ẹni tó mọ ìjókòó. Láti àná ló ti ń wo àjà, omijé ń ṣàn sí i létí. Mo bi í pé kí ni ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó ní kò sí. Mo ní irọ́ ni, o lè kọ̀wé. Mo rán James, ọmọ mi tó fẹ́ ẹ, lọ ra ìwé olójú ewé ọgọ́rin ní ọjà Akẹ̀sán. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má ṣe fi ṣúgà sí i.

Oyún náà ń wọ oṣù mẹ́fà lọ. Nínú àwọn mẹ́ta tó bọ́, kò sí èyí tó rí oṣù méje. Leah ní òun kò fẹ́ kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́. Ó kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹta

James wálé láti Ìkòyí-Ilé, níbi tó ti ń tún katakata ṣe fún àwọn àgbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan là ń rí i.

Ẹ̀yìn ilé ni ṣáláńgá wa wà, ọ̀sán gangan sì ni ìgbọ̀nsẹ̀ máa ń gbọ̀n Leah. N kò lè jẹ́ kí aboyún máa gba inú oòrùn ọ̀sán kọjá láìso nǹkan mọ́ra. James ní kó fi píìnì sí aṣọ bí àwọn aboyún ìsinsìnyí ti ń ṣe. Mo wá píìnì títí, n kò rí. Mo bọ́ síta, mo ṣa ẹyọ kan nínú òkúta wẹ́wẹ́ tí James kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, èyí tó fẹ́ fi da ilẹ̀ yàrá méjì tó ń gbèrò àtikọ́. Mo fi so etí ìró Leah.

Leah ní olùkọ́ ni òun, onígbàgbọ́ sì ni òun. Mo ní òkúta náà kò bi í ní ìjọ tó ń lọ.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹta

Leah jẹ ẹ̀kọ méjì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan. Òjò kò rọ̀. Ewúrẹ́ Mọ̀ríámọ̀ aládùúgbò wa jẹ igun aṣọ tí mo sá.

Ọjọ́ Àìkú, 26 Oṣù Kẹta

Ọdún Àjíǹde. Leah kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣọ́ọ̀ṣì ló wá bá a. Wọ́n dúró lójú fèrèsé, wọ́n kọrin mẹ́rin. Orin náà dùn. Ẹnì kan nínú wọn ń ké ju àwọn yòókù lọ, kò sì mọ orin.

Ìyá Leah fi apẹ̀rẹ̀ máńgòrò kan ránṣẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Leah jẹ méje lójúkan náà. Mo kó ìyókù sábẹ́ ibùsùn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀ dé pẹ̀lú ìjì. Páànù kan ṣí lókè yàrá Leah. Mo gbé ìkòkò mẹ́ta sábẹ́ ibi tó ń jò. Mo ní kó má dìde, kò dìde, ó kàn ń sọ èyí tó fẹ́ kún fún mi, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ kíláàsì. Ààrá sán, ọmọ inú tapá. Leah ní kí n fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ náà le.

Agolo mílíkì kan tó ìdajì owó tí mo fi ra adìẹ lọ́dún tó kọjá. Dókítà ní kó máa mu ún. Ó ń mu ún, èmi ń wo agolo náà.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹrin

Oṣù méje pé. Leah sọ ọ́ fún mi ní ohùn kékeré, bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Mo pa adìẹ kan. N kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹrin

Rédíò sọ̀rọ̀ lónìí. Ìròyìn ìrọ̀lẹ́ ni. Mo ń ṣa ẹ̀wà, Leah wà lórí ẹní, Mọ̀ríámọ̀ tó ń ta kẹrosíìnì ní òdìkejì ọ̀nà jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wa, ó ń fi ìtàkùrọ̀sọ lé ebi ààwẹ̀.

Wọ́n ní òkúta kan tó tóbi tó òkè gba ojú ọ̀run kọjá nítòsí ayé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó lọ. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó ń bọ̀. Ìgbà tó ti kọjá ni àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà tó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tó gbà kọjá, ayé wa ti wà níbẹ̀ ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú. Wọ́n ní ká ní ó bá ìlú ńlá kan ni, kòtò ni ì bá kù níbẹ̀. Wọ́n tún ní ọ̀nà yíyípo ló ń tọ̀, ó lè tún gba ìtòsí lọ́jọ́ mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ajílẹ̀.

Mọ̀ríámọ̀ bi mí pé ṣé ó ti kọjá àbí ó ń bọ̀. Mo ní ó ti kọjá, mo bá ẹ̀wà mi lọ. N kò wo Leah. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe.

Ọjọ́ Ẹtì, 21 Oṣù Kẹrin

Òkèlè mẹ́ta ni Leah jẹ láti àárọ̀. Ó ní kò sí nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹrin

Ó sọ ọ́ lónìí. Mo fẹ́ kó kọ ọ́ bó ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

"Màmá, wákàtí mẹ́fà péré. Ohun tó tó òkè, kò sì sẹ́ni tó rí i. Gbogbo ohun tí dókítà sọ ni mò ń ṣe. N kì í yí ẹ̀gbẹ́ láìronú. Nǹkan bẹ́ẹ̀ wá lè ti ibi tí n kò wò yọ sí mi."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òkúta nìkan ló ń sọ. Àwọn mẹ́ta yẹn náà, ibi tí kò wò ni wọ́n ti bọ́.

Mo lọ gé ilá.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹrin

Lálẹ́ àná ni mo ronú kan ìwé yìí. Ní àárọ̀ mo ní kí Leah ka ohun tí a kọ ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó kọjá fún mi. Ó ṣí i, ó kà á: ẹ̀kọ méjì, ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan, òjò kò rọ̀, ewúrẹ́ Mọ̀ríámọ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ tí ayé fẹ́ẹ́ parí nìyẹn. Ìwọ jẹ ẹ̀kọ méjì. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé àti lọ́run lọ́jọ́ náà, ewúrẹ́ nìkan ló ṣe mí níbi."

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, kò yọ. Ó jẹ ìdajì ẹ̀kọ. Èmi jẹ ìdajì kejì, torí ẹ̀kọ ti wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Kẹrin

Baálé wa wá kí Leah. Leah ní kí n dárúkọ rẹ̀ kí ẹni tó bá ka ìwé yìí lè mọ̀ ọ́n. Àbúrò ọkọ mi tó ti kú ni, èmi kì í pe orúkọ ọkọ. Kí Leah fúnra rẹ̀ kọ ọ́: Ṣàngótúndé. Ìwé ló pè é, èmi kọ́.

Inú ń bí i sí rédíò. Láti kékeré ló ti ń bọ Ṣàngó, ó sì ti bá wọn wú ẹdùn àrá jáde nínú ilé tó ju ogún lọ. Ó ní Ṣàngó kì í sọ òkúta kó má balẹ̀. Èyí tó gba òkè wá tí kò balẹ̀, kì í ṣe tàwọn, kí àwọn tó ni ín wá a lọ. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti wá bi àwọn ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n tó máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ létí gbogbo ayé.

Leah bi í láti orí ẹní pé, "Bàbá, bó bá balẹ̀ ńkọ́?"

"Bó bá balẹ̀, a ó wá wú u. Ilé tó balẹ̀ sí yóò sì ṣe ètùtù tó yẹ." Ó tún ní, "Ṣé ẹ ní ó tó òkè?"

"Wọ́n ní ó tó òkè, Bàbá."

"Áà. Ta ni yóò wú u?"

Ó fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn, ó ń lọ. Mo rí i láti ojú fèrèsé tó ń wo àwọn ọ̀dọ́kùnrin agboolé, ó ń kà wọ́n. Kò pé iye tó fẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Karùn-ún

Mọ̀ríámọ̀ ti ba nǹkan jẹ́ fún mi. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó sọ fún àwọn obìnrin pé òun mọ ìdí tí òkúta ojú ọ̀run kò fi yà sí Ọ̀yọ́. Ó ní ó ń bọ̀ tààrà, ó wá rí ọmọ ìyá rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ aṣọ aboyún kan ní agboolé wa, ó ní kò sí ibi tí òun máa balẹ̀ sí níbí, ó bá yà. Ó ní òun fojú ara òun rí òkúta náà létí ìró Leah.

Mo lọ bá a. Mo ní, "Mọ̀ríámọ̀, ìwọ tó ń gbààwẹ̀."

Ó ní irọ́ kọ́ ni òun pa, èrò òun ni òun sọ.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Karùn-ún

Kí n tó fọ ojú lónìí, obìnrin kan ti dúró lójúde pẹ̀lú oyún oṣù méje. Ó ní Marufat ni òun, ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni òun ń gbé, òkúta ni òun wá gbà. Mo mú un lọ síbi tí James kó o sí. Mo fi hàn án. Mo ní òkúta títì ni, ọkọ̀ tipá ló kó o wá láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lọ́nà Ìsẹ́yìn, kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣáà fún mi, Ìyá. Ẹ má ṣahun."

Mo ní kó mú. Ó ní rárá, ọwọ́ ìyàwó yẹn gan-an ni òun ti fẹ́ gbà á.

Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti di mẹ́fà.

Kí n sọ èyí dáadáa. Láti ìgbà tí oyún kẹta ti bọ́, Leah kì í wo aboyún lójú. Bó bá rí ọ̀kan lọ́nà, òdìkejì ni yóò bọ́ sí. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á, mo fẹ́ lé gbogbo wọn. Kí n tó dé yàrá, Marufat ti jókòó sórí ẹní. Ó ń sọ fún Leah pé òun kì í lè gbọ́ òórùn epo mọ́, pé ọkọ òun wà ní Kàdúná, pé ìyá ọkọ òun ń kùn. Àwọn yòókù rọ́ wọlé tẹ̀lé e. Yàrá kò gbà wọ́n. Ikùn mẹ́fà àti ti Leah, wọ́n dojú kọ ara wọn bí ìkòkò lọ́jà.

Leah wò wọ́n. Ó wo òkúta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n ní kó fi lé àwọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí o." Marufat ní ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí nǹkan tirẹ̀ máa ṣiṣẹ́.

Leah bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi sọ fún un pé kó rọra, òwú wà níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ òwú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó jẹ iyán ní alẹ́. Ó tún bù kún un.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Karùn-ún

James dé. Ó lọ wo òkúta rẹ̀, ó padà wọlé, ó ní olè ti wá. Mo ní kì í ṣe olè, aboyún ni. Ó ní báwo ni aboyún ṣe máa jí òkúta. Leah ní òun ló ń pín in. James jókòó, ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín lórí ẹní. Kò tún bèèrè òkúta mọ́. Ọmọ mi kò yára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí òkúta náà tètè ń dín ni pé wọn kì í mú ẹyọ kan. Ọ̀kan fún ara wọn, ọ̀kan fún àbúrò, ọ̀kan fún ẹni tí kò tíì lóyún ṣùgbọ́n tó ń gbèrò rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Karùn-ún

Ìtúnu Ààwẹ̀. Mọ̀ríámọ̀ gbé ìrẹsì àti ẹran wá, ẹran náà pọ̀. Mo dárí jì í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Karùn-ún

Àwọn aboyún ti di mọ́kànlá. Wọ́n ti sọ ilé wa di ibi ìpàdé. Bí wọ́n bá ti ṣe tán lọ́jà, wọ́n á wá na ẹsẹ̀. Lónìí wọ́n bi Leah pé kí ló dé gan-an lójú ọ̀run. Leah ní kí n fún òun ní ọsàn kan. Ó ní ọsàn ni ayé. Ó ní kí n gbé ẹyìn kan lé ẹnu ilẹ̀kùn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ẹní rẹ̀, ó ní oṣùpá nìyẹn. Ó ní òkúta yẹn wá gba ìta kọjá, níbi tí mo so ewúrẹ́ mi mọ́, kò sì tóbi tó eruku lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn yìí.

Wọ́n wo ọsàn, wọ́n wo ewúrẹ́.

Ẹnì kan ní, "Ibi tó jìnnà tóyẹn ni wọ́n ń pè ní ìtòsí?"

Leah ní lójú àwọn tó ń wo ìràwọ̀, ìtòsí ni.

Marufat ní, "A jẹ́ pé ọkọ mi náà wà nítòsí. Kàdúná kọ́ ló wà, ó wà nínú yàrá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí baálé wa fi rán ènìyàn wá béèrè bóyá ẹnì kan ti bímọ. Mo wo Leah nígbà tó ń fi ọsàn náà yípo lọ́wọ́. Bó ti máa ń dúró níwájú kíláàsì nìyẹn, àfi pé ó dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bó ayé, ó sì jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Karùn-ún

Láti àárọ̀ ni inú Leah ti ń le, tó ń dẹ̀, tó tún ń le. Oṣù mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni. James wà ní Ìkòyí-Ilé. Mo rán Mọ̀ríámọ̀ lọ pe nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́yìn agboolé. Ó wá, ó fọwọ́ kàn án, ó ní ká gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ga, kó mu omi púpọ̀, ká máa wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, ká gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́gán. Mo fa àpò èlùbọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àwọn aboyún dé bí ìṣe wọn. Mo ní kí wọ́n padà sílé. Wọn kò padà. Wọ́n jókòó sí ojúde, mọ́kọ̀ọ̀kànlá, láìsọ̀rọ̀. Èmi kò tíì rí obìnrin mọ́kànlá tó dákẹ́ rí.

Leah di ọwọ́ mi mú. Kò sọkún. Mo ń ka iye ìgbà tó ń le. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ó dín kù. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń darí bọ̀, ó ti dá.

N kò gbàdúrà. Leah ní irọ́ ni, òun gbọ́ mi. Kó kọ ọ́ nígbà náà: mo gbàdúrà díẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Karùn-ún

Òjò lójoojúmọ́. Àgbàdo ojúlé ti yọ irùkẹ̀rẹ̀. Àwọn mọ́kànlá ku mẹ́wàá: ọ̀kan bí ọkùnrin ní ọjọ́ Àìkú. Ọkọ rẹ̀ gbé ẹran wá fún Leah nítorí òkúta. Mo sọ fún un pé òkúta títì ni. Ó ní òun mọ̀, òun fúnra òun ni awakọ̀ tipá tó kó o wá. A jẹ ẹran náà.

Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹfà

A ti dé. Dókítà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ká gbé e wá sí ìtòsí. Akínpẹ̀lú, awakọ̀ kan ládùúgbò wa, ló fi ọkọ̀ Píjò rẹ̀ gbé wa. A tẹ́ Leah sí ìjókòó ẹ̀yìn, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. James jókòó níwájú, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa sọ ibi tí kòtò wà.

Gbogbo àwọn aboyún jáde. Marufat, tí tirẹ̀ náà ti sọ̀kalẹ̀, ní kí Leah má bí ṣáájú òun. Leah ní òun kò lè ṣèlérí. Baálé wa jáde pẹ̀lú. Ó fi ọwọ́ kan orí ọkọ̀ náà, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i. Akínpẹ̀lú kò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ tàbí kó bẹ̀rù.

Mo sọ fún Akínpẹ̀lú pé bó bá sáré, n ó gbá a létí lójú ọ̀nà. Ìrìn tí kò ju wákàtí kan lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wá ní mẹ́ta. Lọ́rí ń fọn fèrè lẹ́yìn wa, bọ́ọ̀sì ń bú wa. Kẹ̀kẹ́ àgbẹ̀ kan kọjá wa.

Akínpẹ̀lú ní, "Ìyá, ojú ń tì mí o. Kẹ̀kẹ́ ti kọjá wa."

Mo ní, "Jẹ́ kó kọjá."

Ìyá Leah ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó gbàdúrà lé wa lórí kí a tó sọ̀kalẹ̀. Àdúrà náà péye. Ọbẹ̀ tó sè ti tutù nígbà tó fi parí.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti tú òwú náà. Dókítà fi hàn mí nínú àwo. Nǹkan tí mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò gùn ju ìka mi lọ.

Ó ní láti ìsinsìnyí, ìgbà tó bá wu ọmọ ni kó jáde. Leah sì lè dìde, kó máa rìn. Leah dìde. Ó rìn dé ìdí igi máńgòrò ọgbà ìyá rẹ̀, ó di igi náà mú, ó ń wò mí bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹfà

Ẹ wo ọmọ yìí. Nígbà tí wọ́n ní kó má jáde, ẹ̀rù bà wá pé yóò jáde. Wọ́n wá ní kó jáde, kò jáde. Leah ti rìn títí. Ìyá Leah ní ọmọ náà ń gbádùn ara rẹ̀. Èmi ní agídí ni, ọ̀dọ̀ tiwọn ló ti jogún rẹ̀. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí oúnjẹ jinná.

Ọjọ́ Ajé, 26 Oṣù Kẹfà

James ló ń kọ eléyìí. Ìkọ̀wé rẹ̀ kò dára.

Leah bẹ̀rẹ̀ ìrọbí ní ìdájí. A gbé e dé ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Wọ́n gbà mí láàyè láti dúró tì í torí mo kọ̀ láti jáde. Ìyá Leah wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń kọrin. N kò lè purọ́, orin náà ràn wá lọ́wọ́. Òun ni Leah fi ń ka èémí.

Ọ̀sán pọ́n. Agogo méjì kọjá. Ọmọ náà jáde. Kò ké.

Nọ́ọ̀sì fa nǹkan lẹ́nu rẹ̀. Kò ké. Ó gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀. Leah gbé orí sókè, ó ní, "Màmá." Èmi ń wo ọmọ náà. Ó dúdú bí aró. N kò tíì bẹ̀rù nǹkan báyìí láti ìgbà tí mo ti dáyé, kí James kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tún gbá a. Ó fa èémí, ó la ẹnu tó ju orí rẹ̀ lọ, ó ké. Ó ké bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ìyá Leah dá orin dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Obìnrin ni. Orí rẹ̀ gùn bí ìbẹ́pẹ. Nọ́ọ̀sì ní yóò padà sípò. Kó má padà, kó ṣáà máa mí. Wọ́n gbé e fún mi, mo ka ìka rẹ̀, ogún ló pé. Ibi tí mo ti ń kà á ló ti ya ìgbẹ́ dúdú ọmọ tuntun sí ìró mi, èyí tí mo rà fún ọdún, tí n kò tíì wọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. James ń sọkún sórí ìwé. Mo ní kó dáwọ́ dúró, kó má ba ojú ewé jẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Keje

Leah ló tún ń kọ. Ọmọ wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ kan ló fi ń kọ, ẹ má wo bó ti rí.

A sọ ọmọ lórúkọ lónìí. Pásítọ̀ pè é ní Ẹ̀yẹolúwa, Ìyá Leah pè é ní Olúwaṣògo. Wọ́n ní kí èmi náà sọ tèmi, mo fún un ní oríkì, Àbẹ̀kẹ́. Ó sùn la gbogbo rẹ̀ kọjá.

Mo ti lọ sí Ọ̀yọ́ ní ọjọ́rú tó kọjá láti lọ sọ fún wọn, mo sì padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Marufat ti bí ṣáájú Leah ní ọjọ́ méjì, ó ní kí n sọ fún un. Baálé wa béèrè bóyá ọmọ náà ké dáadáa. Mo ní wọ́n ń gbọ́ ọ láti ìlú Ìrẹsà. Ó ní ó dára.

Leah bi mí lónìí pé ṣé mo ti fọ ìró mi. Mo ní rárá. Òun náà ni mo wọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n kò gba ọ̀nà ilé. Inú ọjà Akẹ̀sán ni mo gbà. Àbàwọ́n náà wà níwájú mi gbangba, ó fẹ̀ tó àwo. Obìnrin kan tó ń ta àwo tánganran, tó mọ̀ mí tipẹ́, pè mí. Ó ní, "Ìyá James, nǹkan dà sí yín láṣọ."

Mo ní mo mọ̀. Mo dúró síbẹ̀ kó lè rí i dáadáa, lẹ́yìn náà mo lọ dúró níwájú ìsọ̀ kejì.